Ṣé aṣọ ni, àbí eré ni, àbí ìjà? Àlàyé lórí ẹgbẹ́ Pacific Sisters

Àbúrò mi kan fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì fi tì í lẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?" Àwọn obìnrin ló wà nínú àwòrán náà. Ọ̀kan kó ìkarahun òkun sọ́rùn, òmíràn fi ìyẹ́ ẹyẹ bo èjìká, nǹkan dúdú kan sì ń dán yanran lára ẹnì kẹta. Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù títí ojú fi ń ro mí kí n tó dá ohun tó ń dán mọ̀. Tẹ́ẹ̀pù fídíò ni, okùn dúdú pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wo fíìmù kí síídì tó dé.

Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ yóò rántí okùn yìí. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti bàjẹ́, àwa ọmọdé a fà á yọ, a máa fi sáré káàkiri àdúgbò. Àwọn àgbẹ̀ a nà án láti igi dé igi lórí oko ìrẹsì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, a máa dún, a máa kọ mànà nínú oòrùn, ẹyẹ a sì gba ibòmíràn lọ. Ẹ jẹ́ ká fi oko ìrẹsì yìí sápá kan ná.

Àwọn tí àbúrò mi ti kọ́kọ́ bi léèrè ti dá a lóhùn, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹnì kan ní eégún òyìnbó ni. Ẹnì kan ní àfihàn oge ni, irú èyí tí àwọn ọmọge máa ń rìn lójú agbo ní Paris. Ẹlòmíràn ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni wọ́n, kí ó má wo ti aṣọ rárá. Àfi ọ̀rọ̀ "òyìnbó" yẹn nìkan, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pacific Sisters ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ohun tó sì ń mú kí wọ́n rú ènìyàn lójú ni pé kò sí orúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gbà wọ́n tán. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá ti tẹ̀lé eégún rí kò ní pẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N óò ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ta ni wọ́n, gan-an?

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n. Ìlú Auckland ní orílẹ̀-èdè Niu Sílándì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1991 sí 1992. Àwọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ kó ara wọn jọ: Selina Forsyth, Niwhai Tupaea àti Suzanne Tamaki. Lẹ́yìn wọn ni Rosanna Raymond, Ani O'Neill, Lisa Reihana àti àwọn mìíràn dé. Ẹni tó mọ aṣọ rán wà níbẹ̀, ẹni tó mọ ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn àti ti etí ṣe wà níbẹ̀, olórin wà níbẹ̀, ẹni tó ń ya fíìmù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ara tó lè gbé aṣọ, òun ni yóò wọ̀ ọ́ jáde.

"Sisters" tí wọ́n pe ara wọn kò túmọ̀ sí pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó dà bí ìgbà tí àwọn obìnrin ọjà kan náà bá ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni a bí ní obìnrin. Ní Samoa, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì, ẹni tí a bí lọ́kùnrin tó ń gbé ìgbé ayé obìnrin ní orúkọ tirẹ̀ láwùjọ, fa'afafine ni wọ́n ń pè é, irú wọn sì ní àyè nínú ẹgbẹ́ náà.

Àwọn kan a máa béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni, tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára ògiri. Ìdáhùn rẹ̀ wà nílé wọn. Ní erékùṣù Cook, ibi tí ìdílé Ani O'Neill ti ṣẹ̀, àwọn obìnrin ní aṣọ ìbora kan tí wọ́n ń pè ní tīvaevae. Àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì ló kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn. Ẹnì kan a gé òdòdó, àwọn yòókù a jókòó yí aṣọ náà ká, a máa rán, a máa kọrin, a máa ṣòfófó. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, wọn kì í tà á. Wọ́n á fi ta ìyàwó lọ́rẹ, tàbí kí wọ́n fi wé òkú tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹni tó bá ti dàgbà nídìí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ìdí wo ni yóò fi rò pé iṣẹ́ ọnà jẹ́ ohun tí ẹnì kan ń dá ṣe nínú yàrá?

Ta ni Māori, ta sì ni ará Pàsífíìkì?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Māori ni onílẹ̀ Niu Sílándì. Àwọn ló ń jó haka tí a máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kí ìdíje rọ́gíbì tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gbá itan, tí wọ́n ń yọ ahọ́n síta. Nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn ni àwọn baba ńlá wọn wa ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀, Aotearoa ni wọ́n sì ń pe ilẹ̀ náà. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé lẹ́yìn wọn, wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Waitangi ní ọdún 1840, títí di òní ni wọ́n sì ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ìwé náà wí.

Ará Pàsífíìkì ni ti àwọn erékùṣù tó fọ́n ká sórí òkun ńlá náà: Samoa, Tonga, Cook, Niue, Fiji, Tokelau àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbátan ni wọ́n jẹ́ sí Māori. Bí o bá béèrè òkun lọ́wọ́ Māori, yóò ní "moana". Ará Samoa yóò ní "moana". Ará Tonga náà yóò ní "moana". Ó dà bí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì: bí ọ̀rọ̀ bá le, wọ́n lè máà gbọ́ ara wọn dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé orísun kan ni àwọn ti wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá kó ọmọ Māori àti ọmọ Samoa àti ọmọ Cook pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ pé òkun náà so àwọn pọ̀ ju bí ó ti pín àwọn níyà lọ.

Kí ló gbé ará erékùṣù dé Auckland?

Iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Niu Sílándì, ọwọ́ kò sì tó. Àwọn ará erékùṣù wá, wọ́n gba yàrá ní Ponsonby àti Grey Lynn, àwọn àdúgbò Auckland tí owó ilé rẹ̀ ṣì rọlẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Àwọn Māori náà ń fi abúlé sílẹ̀ bọ̀ wá sí ìgboro lákòókò kan náà.

Nígbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1979, ọrọ̀ ajé dojú rú. Owó epo bẹ́ sókè, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra ẹran àti bọ́tà wọn sì ti lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pè wá ṣiṣẹ́ di ẹlẹ́bi. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ará Pàsífíìkì ní ìdájí, kí àkùkọ tó kọ, wọ́n ń béèrè páálí. Òyìnbó tí ìwé ìgbélùú tirẹ̀ ti tán wà ńlẹ̀ lọ súà, ẹnikẹ́ni kò da oorun wọn rú. (Kí a má tíì fi wọ́n bú. Àwa náà lé àwọn ará Gánà lọ ní 1983, báàgì tí wọ́n kó ẹrù wọn sí ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, a sì ń rẹ́rìn-ín.)

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni olórí ìjọba wọn nígbà náà, Jacinda Ardern, tọrọ àforíjì nínú gbọ̀ngàn ìlú Auckland. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ó jókòó sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹní títẹ́ kan bò ó láti orí dé ilẹ̀. 'Ie tōga ni wọ́n ń pe irú ẹní bẹ́ẹ̀, ewé ni wọ́n fi ń hun ún, híhun rẹ̀ sì lè gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún, títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ. Àṣà Samoa ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò da ẹní yìí borí, yóò jókòó síwájú ilé ẹni tó ṣẹ̀, yóò sì dúró títí wọn yóò fi wá ká a kúrò. Bí wọ́n bá ká a, wọ́n ti dárí jì í nìyẹn. Wọ́n ká a kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá rí èyí kò ní béèrè mọ́ bóyá aṣọ lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ń ṣe.

Ọmọ àwọn tí ọlọ́pàá jí lójú oorun yìí, àti ọmọ àwọn Māori tí wọ́n nà ní ilé ìwé nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Pacific Sisters. Ẹni tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí "vernacular" mọ irú ọgbẹ́ tí mò ń wí. Auckland ni wọ́n bí wọn sí tàbí tí wọ́n dàgbà sí. Bí wọ́n bá dé erékùṣù, wọ́n á ní èdè Samoa tí wọ́n ń sọ kò dán mọ́rán. Bí wọ́n bá wà ní Auckland, wọ́n á bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn ọmọ wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ?

Ohun tó bá wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ńlẹ̀ yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì dùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ èèpo igi, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní tapa. Siapo ni ní Samoa, ngatu ni ní Tonga, masi ni ní Fiji. Igi kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbìn fún un. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á yọ ti inú tó funfun kúrò lára ti òde, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fi ìkarahun ha á. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lé orí igi, wọ́n á máa fi igi mìíràn lù ú. Èèpo tí kò fẹ̀ ju ọwọ́ lọ yóò máa fẹ̀, yóò máa fẹ̀, títí yóò fi ju àyà ènìyàn lọ. Bí odó iyán ṣe ń jí ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ ọdún nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni ìró igi yìí ṣe jẹ́ ní abúlé wọn. Wọ́n á fi ohun tó ki bí ògì lẹ eléyìí mọ́ tọ̀hún, wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú.

Nígbà tí àwọn baba ńlá Māori ń bọ̀ ní Aotearoa, wọ́n gbé igi yìí dání nínú ọkọ̀. Wọ́n gbìn ín. Òtútù kò jẹ́ kó ṣe dáadáa. Àríwá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ló ti hù, kò sì pọ̀ tó láti fi da aṣọ bora. Ẹ fojú inú wo ẹni tó rin ìrìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí òkun, tó gúnlẹ̀ síbi tí òtútù ń mú, tí aṣọ tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n wá rí ewé kan tó gùn bí idà nínú àbàtà, harakeke. Wọ́n fi ìkarahun ha ewé náà títí fọ́nrán funfun inú rẹ̀ fi jáde, ó ń dán bí sányán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Ìka lásán ni wọ́n fi ń hun ún di agbádá àwọn ìjòyè, láìsí òfì, láìsí ọ̀kọ̀.

Gígé ewé yìí ní òfin. Ewé kékeré àárín ni ọmọ, méjì tó gbá a mọ́ra ni bàbá àti ìyá, àwọn ti ìta ni baba ńlá. Ti ìta nìkan ni ọ̀bẹ ń kàn. Ẹni tó bá gé ọmọ ti pa ìdí rẹ̀ run.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé ẹni tó gbé igi tapa wá, tí igi náà kò ṣe dáadáa fún, tó wá fi ewé ilẹ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀, ohun kan náà ni àwọn Pacific Sisters ṣe ní Auckland ní 600 ọdún ó lé lẹ́yìn náà. Ewé inú ìgboro wọn ni ike, jíǹsì, awọ, aṣọ òkìrìkà, ìdérí ìgò, àti okùn inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Bí ìyá àgbà ṣe ń hun harakeke ni wọ́n ṣe hun tẹ́ẹ̀pù. Rosanna Raymond rán tapa mọ́ jíǹsì, bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ lé jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó gbà pé àṣà ni ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà ní ó ti bàjẹ́. Èmi kò gbà fún wọn. Àdìrẹ Abẹ́òkúta tí à ń fi yangàn yìí, orí aṣọ funfun tí ọkọ̀ gbé wá láti Manchester ni àwọn ìyá wa ti sọ ọ́ di ohun ńlá.

Ṣé àfihàn oge ni?

Rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti rìn lójú agbo oge rí. Nínú àfihàn oge, aṣọ ti parí kí ọmọge tó wọ̀ ọ́. Ó kàn ń gbé e rìn kí oníbàárà lè rí i ni. Ti àwọn Pacific Sisters yàtọ̀: aṣọ kò tíì parí títí ara yóò fi wọ inú rẹ̀, tí ìlù yóò fi dún, tí ẹni náà yóò fi rìn.

Ibí ni eégún ti wúlò fún wa. Ẹ̀kú tó wà nínú àpótí ní ìgbàlẹ̀, aṣọ ni. Ẹ gbé e wọ̀, kí oníbàtá fọwọ́ kan awọ, kí aṣọ náà yí bìrí, kí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀: ta ló tún ń pè é láṣọ? Ará ọ̀run ti dé. Kò sí ẹni tó máa ń dúró bi ara rẹ̀ léèrè bóyá iṣẹ́ télọ̀ ni ó ń wò, tàbí ijó, tàbí ẹ̀sìn, tàbí ìtàn ìdílé. Òyìnbó ló ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀.

Ẹ wá wo ohun kan nítòsí. Māori ní yẹ̀rì kan tí wọ́n ń pè ní piupiu. Harakeke ni, ṣùgbọ́n wọn kò ha gbogbo ewé náà. Wọ́n á ha á níbì kan, wọ́n á fi ibì kan sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ibi tí wọn kò ha yóò ká bí fèrè tẹ́ẹ́rẹ́, yóò le. Ibi tí wọ́n ha yóò rọ̀, òun sì ni ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ń pa á láró yóò mú. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dúró jẹ́ẹ́, ọnà dúdú àti funfun lásán ni. Bí ó bá yí ìbàdí díẹ̀, gbogbo fèrè náà á gbá ara wọn, wọ́n á máa dún ṣàkàṣàkà bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rọra mì. Ìlù wà lára aṣọ. Ẹni tó gbé e kọ́ sára ògiri ti pa ìdajì rẹ̀.

Rosanna Raymond ní orúkọ fún jíjí tí wọ́n ń jí aṣọ yìí: acti.VA.tion. Kì í ṣe àṣìtẹ̀. Vā tó kọ gàdàgbà sí àárín ọ̀rọ̀ náà jẹ́ èdè Samoa, ó túmọ̀ sí àlàfo tó wà láàárín ìwọ àti ẹlòmíràn, láàárín alààyè àti òkú, láàárín àlejò àti onílé. Lójú tiwa, àlàfo jẹ́ ibi tí kò sí nǹkan. Lójú wọn, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan wà. Ó dà bí àkókò tí ìyàwó bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ: ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ṣófo. Ará Samoa a máa sọ pé kí ènìyàn tún vā rẹ̀ ṣe, bí a ṣe ń gbálẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ tó ń jó nìyẹn, ó ń gbá àlàfo àárín àwọn tó ń wò àti àwọn tó ti lọ.

Kí ló dé tí ara wọn fi ṣí sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn wa máa ń kọ́kọ́ bi mí, pàápàá àwọn ará ìjọ. Ìtàn méjì ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì tako ara wọn.

Ìtàn kìíní: ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn míṣọ́nnárì dé àwọn erékùṣù wọ̀nyí, Samoa gba tirẹ̀ ní 1830. Wọ́n ní ara obìnrin tó hàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n fún wọn ní ẹ̀wù gbọọrọ tó bo ọrùn títí dé kókósẹ̀. Wọ́n bá ara fínfín wí, bẹ́ẹ̀ tatau tí àwọn ará Tahiti àti Samoa ń pè é ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ tirẹ̀, "tattoo". Ìtàn kejì: àwọn òyìnbó mìíràn, àwọn ayàwòrán àti àwọn tó ń ta káàdì ìkíni, tún bọ́ ẹ̀wù náà, wọ́n fi òdòdó sí etí ọmọbìnrin, wọ́n ní kó jókòó sábẹ́ àgbọn, kó máa wo olùwòran bí ẹni tó ń retí rẹ̀. Paul Gauguin tó lọ sí Tahiti ní 1891 ni wọ́n mọ̀ jù nídìí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wù bo obìnrin kan náà ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì tà á ní ìhòòhò ní ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan kò sì bi í léèrè ohun tí òun fẹ́ wọ̀.

Àwọn Pacific Sisters gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí ara bá hàn, wọ́n ti fi ìkarahun àti egungun àti fínfín ka orúkọ ìdílé sí i, wọ́n á sì tẹjú mọ́ ẹ bí ẹni tó ń bi ẹ́ léèrè ohun tí o wá ṣe. Ní 1996 wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí Samoa fúnra rẹ̀, níbi àjọ̀dún ọnà ilẹ̀ Pàsífíìkì ẹlẹ́ẹ̀keje ní Apia, sáàárín ìlú tí ìjọ Ọlọ́run ti gbilẹ̀ bí ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgboyà nìyẹn, mo bọ́ fìlà fún wọn.

Ìwà kan náà ni Rosanna Raymond fi mú orúkọ SaVAge K'lub fún ẹgbẹ́ mìíràn tó dá sílẹ̀ ní 2010. Savage Club jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1857, wọ́n fi ọ̀rọ̀ "ẹhànnà" ṣeré orúkọ. Ó ní bí ẹhànnà bá ní kílọ́ọ̀bù, ṣebí àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà bú gan-an ló yẹ kó jókòó níbẹ̀. Ó tún fi vā sí àárín rẹ̀.

Kí ni aṣọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nílé ìṣẹ̀ǹbáyé?

Nígbà tí Te Papa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Niu Sílándì ní Wellington, fẹ́ ṣílẹ̀kùn ní oṣù kejì ọdún 1998, wọ́n ní kí àwọn Pacific Sisters ṣe nǹkan kan. Obìnrin kan ni wọ́n ṣe, tàbí kí n sọ pé aṣọ obìnrin kan, ní 1997. Ìyẹ́, ìkarahun, egungun àti harakeke wà lára rẹ̀, ike àti tẹ́ẹ̀pù fídíò náà wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni 21st Sentry Cyber Sister. Ẹ kà á sókè: "sentry" ń dún bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ló túmọ̀ sí. Ẹ̀ṣọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlélógún ni wọ́n dá dúró síbẹ̀, kó tó di pé ọgọ́rùn-ún ọdún náà dé. Àwọn àgbẹ̀ tó na tẹ́ẹ̀pù sórí oko ìrẹsì kò mọ̀ ọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbé fún okùn dúdú yìí.

Ní 2018 Te Papa ṣe àfihàn ńlá fún wọn, wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní He Toa Tāera lédè Māori, ìyẹn jagunjagun oge. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó kọjá sí Auckland, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí àfihàn 2018 yìí ni Cyber Sister fi gba àbúrò, Kaitiaki with a K. Kaitiaki ni alágbàtọ́, olùṣọ́.

Ìṣòro tó kù ni pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ tó bá ti wọ inú ìwé wọn. Òógùn ń ba aṣọ jẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́, ọwọ́ ń ba aṣọ jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. A ní irú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tiwa: eégún pàákà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ṣe odindi àfihàn ní 2019. Onírúurú aṣọ tó lé ní 300 ló wà lára rẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Ó dúró lójú kan, láìsí atọ́kùn, láìsí bàtá.

Ọ̀nà tí àwọn Pacific Sisters gbà kò ní ìjà nínú. Wọ́n jẹ́ kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pa èyí tó rà mọ́, wọ́n sì ń ṣe òmíràn tí ara wọn yóò wọ̀. Bí àfihàn bá wà, àwọn fúnra wọn á tún múra láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á wọlé pẹ̀lú orin, wọ́n á sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú gíláàsì.